Nọ́ọ̀tì Abẹ́ Ọkọ̀

Mẹkáníìkì ti rá wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì akẹ́rù náà kí bàbá tó ni ín tó rí àpótí jókòó lé.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ariwo yẹn tún ti dé. Ṣé kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ kú?"

"Ẹ́ńjìnnì le bí ojú ẹja, Bàbá. Nọ́ọ̀tì sàlẹ́ńsà ló tún tú."

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin rèé lóṣù yìí. Bí mẹkáníìkì bá ti dì í pinpin, bàbá á sanwó, á wá jókòó máa ròyìn ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé àtàwọn ọmọ tí kì í pè é.

Lónìí, mẹkáníìkì tan tọ́ọ̀ṣì sí nọ́ọ̀tì náà. Àpá sípánà wà lára rẹ̀, kì í sì í ṣe ti sípánà tirẹ̀. Ẹnì kan ló ń tú u.

Ó wo ẹsẹ̀ bàbá láti abẹ́ ọkọ̀. Bàtà rẹ̀ ń dán gbinrin, bíi ti ẹni tó wá kí èèyàn nílé.

"Èló ni tòní?" bàbá bèèrè.

Mẹkáníìkì rántí yàrá tirẹ̀, níbi tí rédíò nìkan ti ń fọhùn. Ó gbé sípánà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì náà díẹ̀.

"Ẹ fowó yín sápò, Bàbá. Kò tíì dì dáadáa. Ẹ gbé e wá lọ́túnla."