Ìtọ́jú Ìyàwó Awakọ̀

Ọ̀sán ni ọkùnrin náà gbé ìyàwó rẹ̀ tó lóyún oṣù méje wọ ilé ìwòsàn, tó ń pariwo pé ọmọ ti fẹ́ jáde. Nọ́ọ̀sì àgbà gbójú sókè láti ìdí tábìlì rẹ̀.

Ó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yìí ló fi ọkọ̀ gbá ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí nọ́ọ̀sì bí pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, toyún toyún, tó sì sá lọ kí adájọ́ tó dájọ́. Ní kóòtù, ṣe ló dorí kodò. Kò wo ojú nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ìyá olóògbé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

"Mà, ẹ gbà mí. Àkọ́bí wa nìyí."

"Gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì," ni nọ́ọ̀sì sọ.

Dókítà fọwọ́ gbá ẹ̀yìn aláboyún náà pẹ́pẹ́, lábẹ́ ìhà. Ó ké bí ẹni tí iná jó. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe ìrọbí," ni dókítà wí.

Wọn ò ya ẹ̀sírè nítorí ọmọ inú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún ni wọ́n fi wo kíndìnrín rẹ̀, wọ́n sì rí òkúta tó há sójú ọ̀nà ìtọ̀. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ìrora.

"Òkúta náà lè bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀," ni dókítà sọ fún nọ́ọ̀sì. "Àmọ́ bí ibà bá dé, ẹ pè mí kíá. Ó lè mú ìyá lọ, ó lè mú ọmọ lọ."

Ó jáde. Kò pẹ́ tí ara aláboyún náà fi ń gbóná, tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Nọ́ọ̀sì yọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ibà ní abíyá rẹ̀, ó wò ó, ó sì dì í mọ́wọ́. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ta ni yóò bi í?

"Mà, ṣé kò sí nǹkan?" ni ọkùnrin náà bi í láti ẹnu ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì wo ikùn tó yọ lábẹ́ aṣọ ìbora. Ó pe dókítà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé láti kíndìnrín dé àpò ìtọ̀, kí ìtọ̀ lè ráyè kọjá. Ti òkúta fúnra rẹ̀, ó di ẹ̀yìn ìbímọ. Ibà lọ. Ọkùnrin náà wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì mú.

"Ìyá ni ẹ jẹ́ fún mi, mà."

"Dìde. Má jìnnà sí i títí yóò fi bí. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ni kó o gbé e wá."

"Kò síbi tí mò ń lọ, mà."

Láti ìgbà náà, nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí ẹlòmíì tọ́jú obìnrin náà. Òun ló ń yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, òun ló ń bá a jà lórí omi mímu. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ ti rí ọmọ gbà tọ́ o!" Á rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé, obìnrin náà bí ọmọbìnrin, ẹkún rẹ̀ gba gbogbo yàrá kan. Nọ́ọ̀sì nù ún, ó wé e, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbá orí ọmọ tuntun mú. Omijé ń dà lójú ọkùnrin náà.

"Ṣé o ti wá mọ bó ṣe ń rí?" ni nọ́ọ̀sì bi í jẹ́jẹ́.

"Mo ti mọ̀ ọ́n, mà. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi báyìí, màá kú."

Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọlọ́pàá tí òun fúnra rẹ̀ ti ránṣẹ́ pè láàárọ̀, tí ó sì ti bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe sùúrù níta títí bàbá ọmọ yóò fi gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra.