Hóró Oògùn Mẹ́rìndínlógún Tí Matthias Fi Pamọ́

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé ìlà tó kẹ́yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní oògùn àjẹkù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Ní ọdún 1956, Matthias jẹ́ àgbẹ̀ kòkó ní Odode, Ìdànrè. Èèyàn dáadáa ni. Kì í mutí, kì í pa Mísà jẹ, kì í sì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló bá ilé rẹ̀ jẹ́.

Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta Catherine ìyàwó rẹ̀ bí ata, ibà sì gbé e dè. Wọ́n wọ lọ́rì lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Bernadette Aládé ka hóró oògùn funfun méjìdínlọ́gbọ̀n sí i lọ́wọ́: mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ méje.

"Màmá, kòkòrò àrùn ló wọ ilé ìtọ̀ yín. Ẹ lò ó tán o, bí ara bá tilẹ̀ yá."

Ọjọ́ kẹta, ara yá. Lọ́jọ́ kẹrin, Catherine nawọ́ sí oògùn, Matthias di ọwọ́ náà mú.

"Ìyá Mojọlá, kí lo tún ń wá níbẹ̀?"

"Nọ́ọ̀sì ní kí n lò ó tán."

"Ṣé nọ́ọ̀sì ló ń ṣàìsàn ni? Ara rẹ ti yá, o fẹ́ máa jẹ oògùn bí ẹ̀pà!"

Ó da mẹ́rìndínlógún tó kù sínú agolo, ó tì í mọ́ àpótí.

2.
Láti ọjọ́ náà ni Matthias ti di dókítà. Ìwé ẹ̀rí ni kò ní, àpótí ló ní. Ẹ̀yìn ń dun lébìrà rẹ̀: hóró kan. Ọ̀ṣúndé aládùúgbò ń sín: hóró kan. Eyín ń dun ìyàwó Ọ̀ṣúndé: ààbọ̀ hóró, torí eyín kan ṣoṣo ni.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ìtọ̀ tún ń ta Catherine. Matthias fún un ní mẹ́rin. Ara fúyẹ́, ó dáwọ́ dúró. Àìsàn padà, ó fún un ní mẹ́ta. Ìgbà kẹta, ó tún fún un ní mẹ́rin. Àfi bí ẹni jẹ ẹfun.

"Bàbá Mojọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ sí Àkúrẹ́."

"Kòkó ti pọ́n lórí igi, Catherine. Oògùn sì wà nílé."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà!

3.
Nígbà tí wọ́n fi máa dé Àkúrẹ́, Catherine ń gbọ̀n, ìhà ń ro ó, ó ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bernadette bi Matthias pé báwo ni wọ́n ṣe lo oògùn.

"Ìwọ̀nba ni mo ń fún un, kó má bàa ṣòfò."

"Bàbá, bí àrùn bá ń mú kòkó yín dúdú, ṣé ìdajì oko lẹ máa ń fín oògùn sí?"

"Èmi kẹ̀? Ṣé ìdajì tó kù ò ní í kó àrùn ran gbogbo oko ni?"

Bernadette tẹjú mọ́ ọn. Matthias fúnra rẹ̀ wá gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Àwọn kòkòrò tó jẹ́ ọ̀lẹ lẹ pa," Bernadette wí. "Àwọn alágídí tó ṣẹ́kù ti mọ oògùn náà lójú. Wọ́n ti bímọ, àwọn ọmọ le ju òbí lọ. Wọ́n ti gòkè wọ kíndìnrín."

Dókítà fi oògùn mìíràn gún Catherine lábẹ́rẹ́. Ó ti pẹ́ jù. Catherine lajú wo ọkọ rẹ̀.

"Ṣebí mo nawọ́ sí i," ó wí.

Òru ọjọ́ náà ló kú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Odode.

4.
Ọ̀ṣúndé wá kí Matthias. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ará fẹ́ra kù." Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé hóró funfun yẹn ṣẹ́kù? Ìtọ̀ ń ta ìyàwó mi."

Ó ṣẹ́kù. Méjì àti ààbọ̀.

"Ọ̀ṣúndé," Matthias wí, "gbé e lọ sí Àkúrẹ́ lónìí. Èyí tí wọ́n bá sì kà fún un, jẹ́ kó lò ó tán."

Ọ̀ṣúndé fi ìbínú jáde. Ó ń sọ káàkiri pé ọ̀fọ̀ ti sọ Matthias di ahun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo kìlọ̀ fún yín: oògùn tí wọ́n bá kà fún yín, ẹ lò ó dé hóró tó kẹ́yìn. Ẹ má fi pamọ́, ẹ má pín in, ẹ má jẹ ti ẹlòmíràn. Bí àìsàn bá padà, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má dúró dìgbà tí òkú yóò kọ́ yín ní ohun tí nọ́ọ̀sì ti fi ẹnu sọ fún yín.