Àkànbí Ná Ọ̀rọ̀ Dókítà Bí Ẹní Ná Aṣọ

Ẹ dákun, ẹ má ka ìtàn yìí dé ààrin kẹ́ ẹ wá jù ú sílẹ̀. Ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ sì fún ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ti dàgbà kà.

1.
Aṣọ ni Àkànbí ń tà ní Kraké, lẹ́nu ibodè, àmọ́ Àjàṣẹ́ nilé wọn wà. Kò sí iye tẹ́ ẹ máa pè fún un tí kò ní ní, "Ẹ já a wálẹ̀." Ìyẹn ló sọ ọ́ dolówó. Ìyẹn náà ló bà á jẹ́.

Nígbà náà, àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba, gbogbo ẹnu ń pe Ẹ̀húzù, pé ayé ti yí padà. Wọ́n ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan délégè tó máa ṣe olórí wọn. Àkànbí ní òun ni, kò sí ẹlòmíì.

Ìyá rẹ̀, Fáyọ̀kẹ́, ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Tó bá ti mu omi báyìí, ikọ́ á gbé e, ojú rẹ̀ á pọ́n. Honorine, àbúrò Àkànbí tó ń tọ́jú màmá, ló ní kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Àkànbí tẹ̀lé wọn.

2.
Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń ṣèwádìí lórí àwọn àgbà tí nǹkan kì í gba ọ̀fun wọn lọ dáadáa. Ó po ẹbu kan tó funfun bí ẹfun mọ́ omi, ó ní kí màmá gbé e mì níwájú rádíò, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Ẹ̀yin ará, gbogbo wọn ló fojú rí i. Omi funfun yẹn pín sí méjì. Apá kan gba ọ̀nà ikùn lọ. Apá kejì yọ́ wọ ọ̀nà èémí, bí olè tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Dókítà ní, "Wọn ò gbọdọ̀ mu omi tó ń ṣàn mọ́. Ẹ fi ògì sí i kó ki, ṣíbí ṣíbí ni kẹ́ ẹ máa fún wọn. Kí wọ́n jókòó dáadáa, kí wọ́n tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà."

Àkànbí rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹ já a wálẹ̀ fún mi. Ìdajì ife láàárọ̀ ńkọ́?"

"Rárá."

"Ẹnu kan péré, ẹ fi ṣe èènì."

"Mésíyé, mi ò tajà. Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Tí ikọ́ yẹn bá ṣàdédé dákẹ́, ẹ má yọ̀ o. Ikọ́ ni ajá tó ń gbó olè. Tí ajá bá sùn, olè ò lọ. Ẹ gbé wọn padà wá kíá kí n tún wò ó nínú rádíò."

3.
Honorine ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ màmá, àwọn ará ilé sì ń gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ omi. Barakatou, obìnrin tí ilé wọn jọ fara kanra, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Honorine, ìyá tó bí ẹ lo ń fi omi dù? Àbí ilé wọn lo fẹ́ tètè jogún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àkànbí ju Honorine lọ. Ta ló máa yan ẹni tó fi òùngbẹ pa ìyá rẹ̀? Ló bá ń fún màmá lómi lẹ́yìn àbúrò rẹ̀. Ẹnu kan. Ẹnu méjì. Ikọ́ pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, ó dínkù. Nígbà tó tún yá, kò kọ́ mọ́ rárá.

"Honorine, o rí i? Mo ní kò sí nǹkan tí kò ní ẹ̀dínwó."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní tó bá dákẹ́ ká gbé wọn wá."

"Kí wọ́n tún lè fún un lẹ́fun mu? Mo lálejò lọ́la, jọ̀ọ́."

4.
Nílé tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ ṣe olórí, ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mu omi tútù gbẹ nínú igbá lójú gbogbo èèyàn, kó tó súre fún un. Tí omi bá ṣẹ́ kù, wọ́n á ní ìre ò pé.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àgbàlá kún. Honorine gbé igbá ògì jáde. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èyí súre."

Àkànbí gbà á, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ṣé ògì ọmọ ọwọ́ ni mo máa fi gba ipò?"

Fáyọ̀kẹ́ wo omi, ó wo ọmọ rẹ̀. "Àkànbí, ọ̀fun mi kì í sọ nǹkan kan fún mi mọ́."

"Ẹ mu ún, Màámi. Àwọn èèyàn ń wò wá."

Ó gbójú sókè, ó mu ún gbẹ. Kò kọ́. Gbogbo àgbàlá pàtẹ́wọ́. "Omi ò lọ́tàá," bẹ́ẹ̀ ni màmá bẹ̀rẹ̀ sí súre, àmọ́ ohùn rẹ̀ ń hó lọ́fun bí ìkòkò orí iná. Honorine nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

5.
Ara màmá gbóná. Àyà rẹ̀ ń dún. Nígbà tí wọ́n gbé e délé ìwòsàn, àwòrán àyà rẹ̀ ti funfun níbi tó yẹ kó dúdú, omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró.

"Ìgbà wo ni ikọ́ dákẹ́?" Dókítà ló béèrè.

Àkànbí wólẹ̀. "Dókítà, ẹ pe iye tó bá wù yín. Mi ò ní ná an."

Dókítà ò pe nǹkan kan. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí Fáyọ̀kẹ́ fi lọ.

Nígbà tí àdúgbò jókòó láti yan délégè, ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dìde? Barakatou ni, Honorine ti ròyìn gbogbo ohun tí dókítà wí fún un. "Ẹni tí wọ́n fi ikú ìyá rẹ̀ hàn lójúkojú tí kò gbọ́, ṣé tiwa ló máa gbọ́?" Wọ́n yan ẹlòmíì. Àkànbí jókòó síbẹ̀ títí gbogbo èèyàn fi túká, kò sẹ́ni tó kí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ mi. Tí àgbà yín bá ń kọ́ nígbà tó ń jẹun tàbí tó ń mu omi, ẹ má sọ pé ogbó ni, ẹ gbé e lọ kí wọ́n wò ó. Tí wọ́n bá sọ ohun tí kò gbọdọ̀ gba ọ̀fun rẹ̀, ẹ má ná an, ẹ má béèrè èènì. Ẹ má sì tìtorí ẹnu ayé pa ẹni tó bí yín. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún yín lónìí ló máa bú yín lọ́la.

Ẹni tó bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà.