Àwo Tí A Dojú Dé

Kọ̀, kọ̀, kọ̀! Ìró yẹn kò kúrò létí àgbẹ̀ kan títí tó fi darúgbó. Ìyàwó rẹ̀ ló ń dojú àwo dé sórí tábìlì, kí eruku tí ìjì ń gbé kiri ní Oklahoma má baà ṣáájú wọn jẹun.

"A ń lọ sí Kalifọ́níà lónìí," ni àgbẹ̀ náà wí.

Orval, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ojo! Nítorí ọ̀dá lásán?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún kẹrin rèé! Oko yín ti fò lọ, ẹ̀yin nìkan ló kù."

"Ó dáa. Bí ẹ bá débẹ̀, tí ẹ ò dojú àwo dé mọ́, kọ̀wé sí mi. Màá ta ìbaaka mi, màá wá bá yín."

Oṣù mẹ́fà ni àgbẹ̀ náà fi ń ṣa owú kiri oko olóko ní Kalifọ́níà kó tó fi káàdì ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, eruku ò sí níbí. A ò dojú àwo dé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ta ìbaaka yín o: inú agolo là ń jẹun."