Fóònù Ilé Ìdáná

Oníṣẹ́ fóònù ti so ìlà tuntun, tó ṣì ń lo nọ́mbà àtijọ́, pọ̀ mọ́ àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Fóònù ilé méjèèjì tí kò ní wáyà ti tanná, ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan ní ilé ìdáná.

Inú baálé ilé ń dùn.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Láti ìgbà tí ìlà àtijọ́ ti kú ni ara ìyàwó mi ò ti balẹ̀. Fóònù ilé nìkan ló ń lò. Mo ní ti alágbèéká ò dáa fún ojú ẹ̀."

Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbé ti pálọ̀ sétí, sà, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún," ni oníṣẹ́ wí. "Màá fi ti ilé ìdáná pè. Ìlà kan náà ni méjèèjì, ẹ̀yin náà á máa gbọ́ ọ."

Ìyàwó sáré tẹ̀ lé e dé ilé ìdáná.

"Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní nọ́mbà."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Èyí tẹ́ ẹ pè kẹ́yìn ṣì wà nínú rẹ̀. Màá kàn tún un pè ni."

"Rárá, ẹ dúró ná!"

Oníṣẹ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Ohùn pẹ̀lẹ́ kan dáhùn: "Ilé ààbò àwọn obìnrin nìyí. Mà, ṣé ẹ̀yin ni? A ti ń retí yín. Àbí ó tún ti lù yín ni?"

Oníṣẹ́ sáré pa fóònù náà.

Ṣùgbọ́n ti pálọ̀ ṣì wà létí ọkọ.

"Ẹ káàsán o," ni ọkọ ń sọ sínú rẹ̀. "Ọkọ rẹ̀ rèé."

Ó gbé fóònù kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọ̀gá, ó ń dún ketekete. Ẹ ṣeun. Ẹ lè máa lọ."

Ìyàwó di apá ẹ̀wù oníṣẹ́ mú. Kò fẹ́ fi í sílẹ̀.