Ìborùn Orí Kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà tún kú bí ohùn olóògbé aya tíṣà tí a gbà sínú rẹ̀ ṣe ń sọ pé, "Bàbá Hamidah, ẹ má..."

Ibẹ̀ náà ló máa ń kú sí. Láti ìgbà ìsìnkú rẹ̀, tíṣà kò tíì gbọ́ ìyókù rí.

Sofiyullah tó wá tún un ṣe nu òógùn. "Ó gbóná bí ààrò. Yàrá yìí gan-an gbóná! Aṣọ ta ni wọ́n fi dì í?"

"Ìborùn ìyàwó mi ni, nítorí eruku."

"Ẹ ń fún un lọ́rùn ni, Tíṣà!"

Tíṣà tú ìborùn náà, ó gbé e lé itan. Nígbà tí ẹ̀rọ tutù, wọ́n tàn án.

"Bàbá Hamidah, ẹ má ti ara yín mọ́lé tí mo bá lọ. Ẹ máa ṣí fèrèsé."

Tíṣà dìde. Ìkọ́ fèrèsé ti dípẹtà. Ó ní kí Sofiyullah ran òun lọ́wọ́.