Ọkọ̀ Àárọ̀ Ti Kún

"Ọ̀gá, ẹ ò ní kí àwọn èrò wa kú àárọ̀ ni?" Gethin, igbákejì awakọ̀, bú sẹ́rìn-ín.

Awakọ̀ bàálù náà ò rẹ́rìn-ín. Èrò kankan ò sí lẹ́yìn wọn. Òfìfo ni wọ́n gbé bàálù bọ̀ láti Aberdeen, torí ilé iṣẹ́ tí kò bá lo àyè ìbalẹ̀ rẹ̀ ní London, wọ́n á gbà á fún ẹlòmíràn.

"Kí ló dé tí wọn ò ta tíkẹ́ẹ̀tì?"

"Àyè yẹn ni wọ́n ń ṣọ́, Ọ̀gá. Wàhálà èrò ni wọn ò fẹ́."

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n balẹ̀. Ó sáré tan fóònù rẹ̀, torí bàbá rẹ̀ ń kú lọ ní ọsibítù kan ní London. Ohùn tí Mhairi, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Aberdeen, fi ránṣẹ́ ló bá:

"Bọ̀ọ̀dá mi, láti aago márùn-ún ni mo ti wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní ọkọ̀ àárọ̀ ti kún. Ẹ bá mi bẹ Bàámi, kí wọ́n dúró dè mí."

Awakọ̀ náà ṣílẹ̀kùn, ó wo ẹ̀yìn. Lórí ọgọ́sàn-án ìjókòó, bẹ́líìtì wà ní kíká, bí wọ́n ṣe ká wọn lánàá.